Bí mo ṣe ń mọ fìlà tí ó lè gba orí àti etí lọ́wọ́ òtútù

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fìlà tí wọ́n ń tà fún ìgbà òtútù, ẹwà lásán ni wọ́n fi ṣe. Wọ́n nípọn lójú, wọ́n rọ̀ lọ́wọ́, ìdì irun kékeré kan sì wà ní ṣóńṣó orí wọn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ̀fúùfù bá ń fẹ́ gidi, tí omi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sì ti dì, ẹni tí ó dé wọn yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí rìn ni. Kì í ṣe pé ẹni náà kò mọ ọjà rà. Inú ilé ìtajà tí ó móoru ni a ti máa ń yan fìlà, ọwọ́ ni a sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun tí ó bá ti rọ̀ ni ọwọ́ máa ń kà sí ohun tí ó móoru. Etí ni yóò lọ jẹ́rìí níta, nígbà tí owó ti kúrò lápò. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kọ ohun tí mo máa ń wò lára fìlà kí n tó gbà pé ó tó fìlà, nítorí pé bí ìgbà òtútù bá ti ń kan ilẹ̀kùn báyìí, ìbéèrè pé fìlà wo ni ó lè gba orí àti etí lọ́wọ́ òtútù kì í tán lẹ́nu àwọn tí wọ́n mọ̀ mí.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún wa pé ìdajì ooru ara ni ó ń gba orí jáde, ọ̀rọ̀ yìí sì ni àwọn tí ń ta fìlà fẹ́ràn jù. Ìwé ìtọ́sọ́nà kan tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1970 kọ ọ́ pé ìdá 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ẹnu sì ti ń gbé e kiri láti ìgbà náà. Ní ọdún 2008, dókítà méjì, Rachel Vreeman àti Aaron Carroll, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Orí àgbàlagbà kò ju nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo awọ ara lọ, ooru tí ó sì ń gba ibẹ̀ lọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibòmíràn tí a bá ṣí sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà.

Síbẹ̀, àsọdùn náà kò ṣàdédé hù. Bí òtútù bá mú ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lábẹ́ awọ ibẹ̀ máa ń sún kì kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lè dúró sí àárín ara, ìdí nìyẹn tí ìka fi máa ń kú tipiri. Awọ orí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ síbẹ̀ bí ìgbà tí kò sí òtútù, ooru sì ń bá a jáde láìdáwọ́ dúró. Àwọn olùwádìí méjì, G. Froese àti A. C. Burton, wọn èyí ní ọdún 1957, wọ́n sì rí i pé bí ìta bá tutù dé −4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru tí orí tí a kò bò ń pàdánù lè tó ìdajì gbogbo ooru tí ara ẹni tí ó wà ní ìsinmi ń pèsè. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn dáadáa. Ẹni tí ń rìn kíákíá ń pèsè ooru ní ìlọ́po ìlọ́po ju ti ẹni tí ó jókòó lọ, ìdá tí orí ń kó nínú rẹ̀ yóò sì kéré jọjọ. Ẹni tí ó dúró de ọkọ̀ ní ibùdókọ̀, tí ó ti fi kóòtù àti bàtà onírun bo gbogbo ara tán ṣùgbọ́n tí ó gbé orí sí gbangba, ni ọ̀rọ̀ náà bá wí gan-an. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Manitoba ní Kánádà náà ti ri àwọn ènìyàn sínú omi tútù, nígbà mìíràn títí dé ọrùn, nígbà mìíràn tòun torí. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé rírì tí wọ́n ri orí mọ́ ara kò fi ju nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún ooru tí ń sọnù, ṣùgbọ́n inú ara yára tutù ju bí ìdá kékeré yẹn ṣe yẹ kí ó fà lọ. Fún ìdí yìí, èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́ lórí iye ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Fìlà pọn dandan, ó kù kí ó jẹ́ fìlà gidi.

Fìlà kò ní ooru kankan tirẹ̀. Ara ni ó ń pèsè ooru, iṣẹ́ fìlà kò sì ju kí ó dá ooru náà dúró lọ. Ohun tí ó sì fi ń dá a dúró kì í ṣe irun tàbí òwú gan-an, afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín àwọn fọ́nrán rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ tí ó bá dúró jẹ́ẹ́ kì í jẹ́ kí ooru kọjá bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti lè máa wọlé, kí ó máa jáde, òun kan náà ni yóò máa kó ooru lọ. Omi burú jù ú lọ, nítorí pé omi ń gbé ooru kọjá ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí a bá wá tẹ fìlà náà pẹlẹbẹ, yálà nítorí pé ó fún mọ́ orí jù tàbí nítorí pé ó ti gbó, kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ yóò há sí mọ́. Nínípọn tí fìlà nípọn lójú kò lè sọ èyí fún yín. Fìlà tí wọ́n fi okùn irun títóbi hun, tí ojú ìhun rẹ̀ fẹ̀, yóò nípọn ju ìka lọ, síbẹ̀ yóò máa jò bí ajere.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fúùfù ni ó yẹ kí a fi ìjókòó sọ. Àwọn olùwádìí méjì, Paul Siple àti Charles Passel, ni wọ́n kọ́kọ́ wọn agbára rẹ̀ dáadáa ní ilẹ̀ yìnyín Antarctica, níbi tí wọ́n ti gbé omi sínú ike kan sí ìta, tí wọ́n sì ń ṣọ́ bí ó ṣe ń yára dì sí bí ẹ̀fúùfù bá ṣe lágbára tó. Ní ọdún 1945 ni wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Ní ọdún 2001, Kánádà àti Amẹ́ríkà tún ìṣirò náà ṣe, òun sì ni àwọn tí ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí níbẹ̀ ń lò títí di òní. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò náà, bí ìta bá wà ní −10, tí ẹ̀fúùfù sì ń sáré ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan, bí −20 ni yóò ṣe rí lára awọ tí a kò bò. Fìlà tí kò dá ẹ̀fúùfù dúró ti fi yín sílẹ̀ nínú −20 yẹn, bí ó ti wù kí irun tí wọ́n fi hun ún wọ́n tó.

Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò kò gba ohun èlò. Mo máa ń gbé fìlà sókè sí ojú iná mànàmáná, mo sì máa ń ti ìka bọ inú rẹ̀ kí ó lè fẹ̀ bí yóò ṣe fẹ̀ lórí, nítorí pé fìlà tí ó wà lórí tábìlì kì í fi ojú ihò rẹ̀ hàn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ wínníwínní láàárín àwọn ojú ìhun, ẹ̀fúùfù yóò bá ibẹ̀ gbà. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fi ẹnu mọ́ ara rẹ̀ láti ìta, kí n fi ẹ̀yìn ọwọ́ sí inú rẹ̀, kí n sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí ọwọ́ bá gbọ́ èémí náà lójú ẹsẹ̀, fìlà náà nílò aṣọ inú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n dá a padà sórí àtẹ. Ẹ̀yìn èyí ni mo máa ń yí inú rẹ̀ síta. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí ẹni tí ó ṣe é ní lọ́kàn: àwọn kan rán aṣọ inú yí gbogbo rẹ̀ ká, àwọn kan fi ọ̀já fleece (aṣọ rírọ̀ tí ojú rẹ̀ dà bí irun wínníwínní) tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ yí iwájú orí àti etí ká, àwọn mìíràn kò sì fi nǹkan kan síbẹ̀ ju lébẹ̀lì lọ. Ọ̀já yẹn, bí ó ti kéré tó, ni mo kà sí ohun tí ó wúlò jù lára fìlà híhun. Ó dá ẹ̀fúùfù dúró níbi tí a ti nílò rẹ̀ jù, ó sì fi òkè orí sílẹ̀ kí ìlààgùn lè rí ibi jáde.

Àwọn fìlà kan wà tí wọ́n fi awẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sáàárín aṣọ méjì, èyí tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá rárá. Wọ́n ṣiṣẹ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí awẹ́ náà bá bo etí, a máa dín ìgbọ́ràn kù, a sì máa dún ṣàkàṣàkà bí ènìyàn bá yí orí, ẹni tí ó ń sọdá títì sì nílò etí rẹ̀. Èmi fẹ́ràn èyí tí ó fi awẹ́ náà sí iwájú orí nìkan.

Ó di ọ̀rọ̀ etí wàyí, níbi tí ọ̀pọ̀ fìlà ti ń dójú tini. Etí kò ní ọ̀rá, kò ní iṣan tí ń pèsè ooru, kerekere tí awọ tín-ín-rín bò ni, ó sì yọ síta níbi tí ẹ̀fúùfù ti lè gbá a níwájú àti lẹ́yìn. Òun, imú àti àwọn ìka ni òtútù máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ní Kánádà, àwọn aláṣẹ ojú ọjọ́ máa ń kìlọ̀ pé bí òtútù tòun ti ẹ̀fúùfù bá dé −28, awọ tí a kò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora tí ń ta ṣánṣán, ìrora náà yóò wá lọ, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ara ti mọ́ òun. Kò rí bẹ́ẹ̀ o; ibẹ̀ ti kú ni. Ìwé púpọ̀ máa ń ní kí a wo awọ bóyá ó ti pọ́n tàbí ó ti funfun, ṣùgbọ́n lára awọ dúdú, àwọ̀ wọ̀nyí kì í tètè hàn, nítorí náà kíkú tí etí bá kú tipiri ni kí ẹ gbà gẹ́gẹ́ bí àmì, kí ẹ sì wọlé. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra á.

Fìlà tí yóò bo etí gbọ́dọ̀ kọjá ìsàlẹ̀ etí, níbi tí a ń fi yẹtí sí, ó sì gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀. Dídúró yìí ni ó ṣòro. Ẹ dé e, kí ẹ mi orí sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ wolẹ̀ bí ẹni tí ń so okùn bàtà, kí ẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì la ẹnu bí ẹni tí ń jẹun, nítorí pé párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń ti fìlà sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti gùn sókè tí etí sì yọ ìdajì nínú ilé ìtajà, kò ní dúró níta. Fìlà híhun tí a lè ṣẹ́ ìgbátí rẹ̀ lé ara dára ju èyí tí kò ní ìṣẹ́po lọ, nítorí pé ìpele méjì ni yóò wà lórí etí, bí òtútù bá sì pọ̀ jù, a lè tú u sílẹ̀ kí ó dé ìpàkọ́.

Bí ilẹ̀ ibi tí ẹ wà bá ń tutù kọjá −15 lemọ́lemọ́, fìlà aláwẹ́ etí ni mo máa ń dá lábàá. Ẹni tí ó bá mọ abetí ajá ti mọ ọgbọ́n rẹ̀, pé awẹ́ méjì ni yóò máa bo etí nígbà tí a bá fẹ́, tí a ó sì ká a sókè nígbà tí a kò bá fẹ́. Ushanka àwọn ará Rọ́ṣíà ni gbajúmọ̀ jù nínú irú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun tí Sófíẹ̀tì bá Finland jà ní ìgbà òtútù ọdún 1939 sí 1940, nígbà tí òtútù fi ojú àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì rí màbo, ni wọ́n sọ ọ́ di fìlà ogun wọn. Àwọn awẹ́ rẹ̀ ní okùn tí a lè so sí abẹ́ àgbọ̀n tàbí sí orí. Ohun tí ó yẹ kí ẹ wò lára irú fìlà yìí ni ibi tí irun rẹ̀ wà. Èyí tí ó jẹ́ ojúlówó ní irun ní ojú tí ó kan etí. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwòrán ní irun lóde nìkan, aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tutù bí irin ni ó sì kan awọ.

Kí a wá sọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n fi ń ṣe fìlà. Irun àgùntàn ni mo fi ṣíwájú. Fọ́nrán rẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láti inú wá, nítorí náà wọn kì í lè tò mọ́ra pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ sì ń ríbi há sí láàárín wọn. Ó lè fa omi tí ó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ sínú fọ́nrán kí ó tó di pé ọwọ́ gbọ́ ọ pé ó tutù, bí ó sì ti ń fa ọ̀rinrin yẹn ni ó ń tú ooru díẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí irun àgùntàn bá ń yún lára, kí ó wá irun àgùntàn merino, èyí tí fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń tẹ̀ bí ó bá kan awọ dípò kí ó gún un. Irun cashmere tí wọ́n ń rí lára ewúrẹ́ kan rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì móoru gan-an ní fífúyẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí ó tó máa yọ ṣùkùṣùkù, ìhun rẹ̀ sì máa ń tinrin jù fún ẹ̀fúùfù àyàfi tí ó bá jẹ́ onípele méjì.

Acrylic, fọ́nrán àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe kí ó jọ irun àgùntàn, ni ẹ ó bá lára ọ̀pọ̀ jù lọ fìlà olówó pọ́ọ́kú. N kì í bú u. Kì í yúnni, kì í sún kì bí a bá fọ̀ ọ́, bí ó bá sì ní aṣọ inú, ó lè gba ènìyàn là nínú òtútù tí kò le. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í fa ọ̀rinrin mọ́ra, òógùn yóò dúró sí awọ orí, àti pé ìhun rẹ̀ máa ń tú sílẹ̀ bí ó bá ti ń gbó. Fleece, tí ilé iṣẹ́ Malden Mills ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1979 láti ara polyester, tí òun náà jẹ́ fọ́nrán àtọwọ́dá, fúyẹ́, ó sì máa ń yára gbẹ, ṣùgbọ́n tí ó bá dá wà láìsí ìbòrí mìíràn, ẹ̀fúùfù ń gba inú rẹ̀ kọjá fàlàlà. Ipò aṣọ inú ni ó yẹ ẹ́ jù. Ìyẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà ní àyà pẹ́pẹ́yẹ móoru ju gbogbo wọn lọ bí a bá fi ìwúwo díwọ̀n, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí yìnyín bá yọ́ sí i lára, á rọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ á sì dópin. Ilẹ̀ tí òtútù rẹ̀ gbẹ ni mo lè bá ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i. Ní ti òwú, kí ó máa lọ sí ara aṣọ ìgbà ooru: a máa fa omi, kì í tètè gbẹ, bí ó bá sì ti tutù, òtútù ni yóò máa fà wọlé.

Nítorí èyí, ẹ ka lébẹ̀lì inú fìlà, kì í ṣe páálí tí wọ́n so mọ́ ọn lóde. Lóde ni wọ́n ti máa ń kọ irun àgùntàn ní lẹ́tà gàdàgbà. Inú ni òtítọ́ wà, níbi tí ẹ ó ti kà á pé acrylic jẹ́ ìdá 90, irun àgùntàn sì jẹ́ ìdá 10. Àdàlù kò burú fúnra rẹ̀, nítorí pé polyester tàbí nylon díẹ̀ máa ń mú kí irun àgùntàn pẹ́ lọ́wọ́. Bí irun àgùntàn bá ti wọ ìdajì lọ sókè, mo lè bá a rìn. Bí wọ́n bá sì ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo ìgbà òtútù, irun àgùntàn tí wọ́n hun pọ̀ dáadáa ni n ó mú, tí ó ní ìṣẹ́po níwájú àti ọ̀já fleece nínú.

Ìwọ̀n náà ṣe pàtàkì. Ẹ fi okùn wọn orí yí ká láti òkè ìpéǹpéjú méjèèjì gba òkè etí dé ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù. Orí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 54 sí 62. Fìlà tí ó bá fi ìlà jíjìn sí iwájú orí yín lẹ́yìn wákàtí kan ti há jù, ó sì ti tẹ gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Èyí tí ó tóbi jù ní tirẹ̀ máa ń mí, ẹ̀fúùfù á máa ti ìpàkọ́ wọlé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí ọrùn.

Irun orí kò ṣeé fò. Irun àgùntàn àti òwú máa ń fa ọ̀rinrin àti òróró kúrò lára irun wa, ìhun tí ó le sì máa ń ha á títí yóò fi máa gé ní iwájú orí àti ìpàkọ́, pàápàá irun tí ó kì tí ó sì lọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń wá fìlà tí wọ́n fi sátínì tẹ́ nínú. Ó dára fún irun, ṣùgbọ́n sátínì máa ń yọ̀, fìlà tí ó sì ń yọ̀ yóò gùn kúrò lórí etí. Èyí tí mo rí pé ó bá àwọn méjèèjì mu ni kí sátínì wà ní òkè nìkan, níbi tí irun wà, kí fleece wà yí iwájú orí àti etí ká. Bí kò bá sí irú rẹ̀ lọ́jà, abẹ́rẹ́ àti òwú lè ṣe é láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹni tí ó bá di irun tàbí tí ó ní irun púpọ̀ gbọ́dọ̀ wọn fìlà pẹ̀lú irun náà, kí ó sì wá èyí tí inú rẹ̀ jìn, nítorí pé irun tí ó ga yóò gbé fìlà sókè, etí ni yóò sì san gbèsè náà.

Ooru àpọ̀jù pẹ̀lú jẹ́ ọ̀tá. Ẹni tí ó ń rìn kíákíá tàbí tí ó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà onírun tí ó wúwo yóò làágùn, irun rẹ̀ yóò rin, bí ó bá sì dúró, omi náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ooru rẹ̀ lọ. Kí òógùn tó yọ ni kí a ti ṣẹ́ fìlà sókè tàbí kí a ṣí i, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti yọ tán. Ó yẹ kí ènìyàn ní méjì bí agbára bá ká a: merino fẹ́ẹ́rẹ́ kan fún ìrìn àti iṣẹ́, àti èyí tí ó nípọn fún ìdúró àti ìjókòó. Fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn náà ni yóò gba abẹ́ akoto fún ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́. Bí ẹ̀fúùfù bá sì dé lójijì, ẹ fa ìborí ara kóòtù lé e lórí. Aṣọ tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá lórí irun àgùntàn fẹ́ẹ́rẹ́ móoru ju fìlà ńlá kan ṣoṣo lọ.

Ti àwọn ọmọdé kò gùn. Orí wọn tóbi ní ìfiwéra pẹ̀lú ara wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ fìlà kàn wọ́n ju àwa lọ, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ní okùn gígùn tí ó lè há mọ́ nǹkan ìṣeré kí ó sì fún wọn lọ́rùn. Èyí tí a ń fi bọ́tìnnì tàbí ohun alẹ̀mọ́ra dè sí abẹ́ àgbọ̀n, tí yóò já bí a bá fà á, ni kí a rà. Bí a bá gbé ọmọ ọwọ́ wọlé, kí a ṣí fìlà rẹ̀ kúrò kí ó tó sùn, nítorí pé orí ni ó fi ń tú ooru tí ó pọ̀ jù sílẹ̀, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ooru ń mú òun.

Lẹ́yìn rírà, fífọ̀ ni ó ń ba fìlà jẹ́ jù. Fọ́nrán irun àgùntàn ní ìpẹ́ wínníwínní lára, omi gbígbóná àti bíbó sì máa ń mú kí àwọn ìpẹ́ wọ̀nyí gbá ara wọn mú, fìlà á sún kì, kò sì ní tú mọ́ láé. Omi tútù tàbí èyí tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ lò, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má ṣe fún un. Ẹ wé e sínú táwẹ́lì kí ó fa omi rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbẹ níbi tí ó jìnnà sí ẹ̀rọ amúlémóoru, nítorí pé bí ẹ bá fi kọ́ sórí èèkàn, ìwúwo omi yóò fà á gùn. Kí ìgbà ooru tó dé, ẹ rí i pé ó mọ́ kí ẹ tó dì í pa mọ́ sínú ọ̀rá tí ó sé, torí pé ìdin kòkòrò tí ń jẹ aṣọ fẹ́ràn irun tí òógùn àti ìdọ̀tí wà lára rẹ̀ ju èyí tí ó mọ́ lọ. Bí ẹ bá tún gbé e jáde, ẹ na ìgbátí rẹ̀ wò, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá padà sí ipò rẹ̀ mọ́, kò ní lè di etí mú, ẹ tètè wá òmíràn kí ẹ̀fúùfù tó dé.